Bí Oyèdèjì Fáṣínà Ṣe Sọ Oòrùn Di Arúgbó

Bí ẹ bá dé Ìkòròdú tí ẹ kò tíì gbọ́ orúkọ Oyèdèjì Fáṣínà, ẹ lọ fọ etí yín. Ọkùnrin náà kì í jẹ́ kí orúkọ ara rẹ̀ sinmi. Bó bá fẹ́ ra búrẹ́dì, á ní, "Ẹ gé búrẹ́dì fún Pròfẹ́sọ̀." Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ nínú ilé, á ní, "Omi dà? Ọ̀nà ọ̀fun Pròfẹ́sọ̀ ti gbẹ." Yunifásítì wo ló fi oyè yìí dá a lọ́lá? Ẹ má bi mí. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn tó bi òun alára ni pé ẹja kì í gba sátífíkéètì kó tó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Fáṣínà Àjíwojú-oòrùn! Fáṣínà tí ń pe òṣùpá ní àbúrò! Àgbà ọ̀mọ̀wé tí kì í ṣí ìwé, kí ìwé má baà dójú tì í! Méjì àkọ́kọ́ nínú oríkì yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ wọ́n sí ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tèmi.

Ọmọ Òde-Òmu ni. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ Ìkòròdú, bátìrì rédíò ló ń tà. Ọdún 2006 tí òṣùpá bo oòrùn lójú ni ìgbà dé fún un. Ó ra awò dúdú jọ, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì, ó ń pariwo pé ẹni tó bá fi ojú lásán wo oòrùn lọ́jọ́ náà, ojú á fọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Irọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé awò fáàrí ni èyí tó ń tà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sàn ju ẹni tí kò wọ nǹkan kan lọ. Ó tà á tán kí oòrùn tó tún mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun àti oòrùn jọ ń ṣòwò ni: oòrùn á ràn, òun á tà.

Ní ọdún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀gbà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú ń lé aṣọ dúdú kan jáde ní ọ̀pọ̀, nítorí pé aró rẹ̀ kò mú. Bó bá kan omi, á ṣí. Bó bá kan ara, á sọ ara di ìdí ìkòkò. Fáṣínà gbọ́ pé ó pọ̀, kò gbọ́ pé kò dára. Ó ra gbogbo rẹ̀. Ó háyà wíàháòsì kan tí òrùlé rẹ̀ ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó to aṣọ náà kún un dé ìdajì. Oṣù mẹ́fà kọjá, kò rí ẹni bi í pé èló ni. Eku ló ń bímọ nínú rẹ̀.

"Bàbá Ẹwà," ni Iṣẹ́olúwa ìyàwó rẹ̀ wí, "kí la ó fi aṣọ yìí ṣe?"

"Ìmọ̀ ni yóò tà á," ni Fáṣínà dáhùn.

"Ìmọ̀ ta?"

Òun náà kò tíì mọ̀.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tó gbọ́ Dókítà Hasanat lórí rédíò. Obìnrin yìí ń kọ́ni ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ni bí oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ yòókù ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dàgbà, àti bí wọ́n ṣe ń kú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bi í pé, "Dókítà, oòrùn tó ti wà kí Ádámọ̀ tó wà, ta ló mọ̀ ọ́n lọ́mọdé tí ẹ fi mọ bó ṣe ń dàgbà?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bí àlejò bá lo ọjọ́ kan ṣoṣo ní Ẹ̀pẹ́, kò lè dúró kí ọmọ ọwọ́ di arúgbó lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n á rí ọmọ ọwọ́, á rí ọ̀dọ́, á rí àgbà, á rí òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin. Á mọ èyí tó ṣáájú, á mọ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìràwọ̀ pọ̀ lójú ọ̀run, ọjọ́ orí wọn kò dọ́gba. Oòrùn tiwa ṣì wà láàárín ayé rẹ̀. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, á wú, á pọ́n, ooru rẹ̀ á sì jó ayé yìí gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ o, ó ku nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún."

Fáṣínà mú "á wú". Ó mú "á jó ayé yìí gbẹ". Ó fi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sílẹ̀ fún rédíò. Ó dìde lórí oúnjẹ, ó lọ sí wíàháòsì, ó dúró níwájú òkìtì aṣọ dúdú náà, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí oòrùn bá wú, kí ni aráyé yóò máa wá kiri? Ìbòji! Ta ló ní ìbòji ní ìdì ní ìdì? Ẹ̀rí nìkan ló kù.

Ẹ̀rí náà ń bẹ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà ọ̀fun ló sì gbé Fáṣínà débẹ̀. Pròfẹ́sọ̀ fẹ́ràn ọ̀bọ̀kún yíyan bí ẹní fẹ́ràn àkọ́bí. Ọjọ́bọ̀ kan ló lọ rà á lọ́wọ́ Alhaja Mùsílímátù, ìyá àgbà kan tí ìdílé rẹ̀ ti wà létí ọ̀sà láti ayébáyé, tó ń yan ẹja, tó sì ń sá edé.

Nínú àgọ́ tí Alhaja ti ń yan ẹja, ihò ìṣó kan wà lára páànù òkè. Bí oòrùn bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ á gba inú èéfín wọlé bí okùn funfun, á sì balẹ̀ ní róbótó. Alhaja ti fa ìlà sílẹ̀. Bí róbótó náà bá ti gun orí ìlà, á mọ̀ pé ìrun Àílà ọ̀sán ti tó, á kó ẹja sọ́tọ̀, á lọ ṣe àlùwàlá. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aago ọwọ́ lè kú. Ihò ìṣó kì í kú.

Pákó kan wà lẹ́bàá ògiri. Wọ́n fi èédú fa òbìrí kan sí i, wọ́n kọ 2006 sí abẹ́ rẹ̀.

"Alhaja, kí ni èyí?"

"Oòrùn ni," ni ìyá náà wí, bí ẹni sọ pé iyọ̀ ni. "Lọ́dún tí òṣùpá bò ó, róbótó ilẹ̀ yìí kò rí róbótó mọ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọdọrọ, bí oṣù tí a fi ń gbààwẹ̀. Ọkàn mi fò. Ìgbà tó padà sípò, mo gbé pákó sí ilẹ̀, mo fi èédú fà á yí ká, kí n lè mọ̀ bí ohunkóhun bá tún bù ú jẹ."

Fáṣínà ṣa ìdérí ìgò mínírà kan nílẹ̀, ó gbé e lé òbìrí náà. Ó ṣe rẹ́gí. Ó wá yíjú wo róbótó ti ọjọ́ náà gan-an lórí ilẹ̀, ó sì rí i pé ó fi díẹ̀ tóbi ju ìdérí ìgò lọ.

"Ó ti ń wú!" ló pariwo, ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò wú o," ni Alhaja wí. "Iná ló jó òrùlé àtijọ́. Nígbà tí a gbé tuntun sókè díẹ̀ kí èéfín lè ráyè jáde, ni róbótó yìí náà..."

"Ó tó, Alhaja! Ẹ má fi ọ̀rọ̀ òrùlé da sáyẹ́ǹsì rú. Ẹ yá mi ní pákó yìí. Màá dá a padà ní Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀, màá sì kọ orúkọ yín gàdàgbà sínú ìwádìí mi."

Alhaja kò fẹ́, ṣùgbọ́n àlejò tó ra ọ̀bọ̀kún mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú a máa tini láti sọ pé rárá fún un. Jímọ̀ọ̀ mẹ́ta kọjá, kò rí pákó, kò rí ajẹja. Ní ti orúkọ gàdàgbà, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. ÌWÁDÌÍ PRÒFẸ́SỌ̀ O. FÁṢÍNÀ ni ó kọ sí orí pákó náà, ní ọ̀dà pupa.

Kí ló ṣe nígbà tó ti Ẹ̀pẹ́ délé? Ó wọ wíàháòsì rẹ̀ lọ́sàn-án. Ihò ìṣó wà lára òrùlé ibẹ̀ náà, ìmọ́lẹ̀ sì ti balẹ̀ ní róbótó láàárín ilẹ̀. Ó gbé ìdérí ìgò lé e. Ó dà bí ẹni gbé bọ́tìnnì sórí àwo. Ó wá agolo mílíìkì kiri, ó dojú rẹ̀ dé e. Rẹ́gí!

"Agolo mílíìkì!" Ó fò sókè lẹ́ẹ̀mejì. "Lọ́dún 2006, ìdérí ìgò. Lónìí, agolo mílíìkì! Oòrùn ti wú tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀! Àwọn òyìnbó ń dúró de bílíọ̀nù ọdún, èmi Fáṣínà ti gbá a mú!"

Iṣẹ́olúwa na orí sí ẹnu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ẹwà, bí oòrùn bá ti wú tó báyìí, ṣé àwa tí a wà níta ò ní rí i ni?"

"Ojú lásán kò lè rí i. Ojú ìmọ̀ ló ń rí i."

"Hẹn. Ojú ìmọ̀." Obìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọkọ ń fetí sí ìyàwó ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Fáṣínà so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ orí mọ́tò, ó yí Ìbẹ̀ṣẹ̀ ká, ó dé Ìjèdè, ó dé Ẹ̀pẹ́. "Ẹ̀yin èèyàn wa! Oòrùn ti darúgbó! Ooru ogbó ti ń wọ inú ẹja! Ẹ má jẹ edé tí wọ́n sá sí gbangba, inú yín á wú bí oòrùn ṣe wú!" Ó ní àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí baálé ilé bá ń gbóná, àlejò ni í kọ́kọ́ làágùn. Àgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ má bi mí.

Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ dákẹ́ ná. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Ẹni tó ti ń ra edé ní àpò ra igbá kan, ẹni tó ń ra igbá kan ní òun ń bọ̀. Fáṣínà wá lọ bá Bàbá Bísíríyù, alága ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́ja etí ọ̀sà. Ó ní kí ẹgbẹ́ ṣe òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ẹja tàbí edé sí gbangba mọ́, àfi lábẹ́ Aṣọ Ìbòji Fáṣínà, kí ẹgbẹ́ sì fi òun jẹ Olùdarí Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Oòrùn, láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́. Bàbá Bísíríyù kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò lọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pariwo. Ó ní kí gbogbo wọn pàdé ní wíàháòsì ní Sátidé, kí Fáṣínà fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, kí wọ́n sì dìbò.

Alhaja Mùsílímátù dán aṣọ náà wò, torí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olórí kunkun. Ó ta á bo edé àtẹ kan. Ọjọ́ kejì, edé rọ̀. Ọjọ́ kẹta, ó ń rùn. Ọjọ́ kẹrin, aró ti kán sí i, ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ewúrẹ́ sá. Ìyá náà jókòó ti àtẹ náà, ó sunkún. Edé yìí ló fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Edé tí kò bá rí oòrùn, ìdin ni yóò rí. Bí òfin Fáṣínà bá kọjá ní Sátidé, òun àti gbogbo obìnrin etí ọ̀sà ti di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Màá lọ gba pákó mi."

Sátidé dé. Háà! Ẹ ò rí Pròfẹ́sọ̀! Agbádá tó rán láti inú aṣọ ara rẹ̀ ló wọ̀, ó fi òwú aláwọ̀ wúrà ya oòrùn sí i láyà àti lẹ́yìn. Ó ní kí káfíńtà ṣe pèpéle tó ga ju orí èèyàn lọ. Káfíńtà ní, "Ọ̀gá, kí ló fa gíga báyìí?" Ó ní ojú Olùdarí Àgbà kò gbọdọ̀ bá ojú ẹlẹ́ja dọ́gba. Àkàbà ni wọ́n fi tì í gòkè, ẹni méjì lẹ́yìn, ẹni kan níwájú.

Inú wíàháòsì kún. Àwọn ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ jókòó lápá kan, àwọn ará Ìjèdè lápá kejì, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wà láàárín pẹ̀lú Bàbá Bísíríyù. Dókítà Hasanat náà wà ńbẹ̀ lórí àga níwájú. Fáṣínà ló fìwé pè é. Ó fẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwádìí náà kí ayé lè gbọ́.

"Dókítà ọmọ wa," ni Fáṣínà ké láti òkè, ó fẹ́ fi bí òun ṣe mọ̀ tó hàn wọ́n, "ṣé kì í ṣe bí ìràwọ̀ bá ṣe tóbi tó ni ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ń gùn tó?"

"Rárá, sà," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. "Èyí tó bá tóbi jù ló ń tètè jó ohun tó ní tán. Kì í pẹ́ kó tó túká."

Gbogbo ojú wo ikùn ràbàtà Pròfẹ́sọ̀. Ẹnìkan húkọ́.

"Ó dára," ló yára wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ẹ̀rí." Ó nawọ́ sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, níbi tí róbótó ìmọ́lẹ̀ ti balẹ̀. Obìnrin ará Ìjèdè kan, Hanifah, gbé agolo mílíìkì lé e bí ó ti ní kó ṣe. Ó ṣe rẹ́gí. "Kí lẹ rí?"

"Agolo mílíìkì!" ni wọ́n dáhùn.

"Lọ́dún 2006 ńkọ́? Ìdérí ìgò ni! Alhaja Mùsílímátù jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ bi í! Alhaja, irọ́ ni àbí òótọ́?"

"Òótọ́ ni ti pákó," ni Alhaja wí, ó dìde. "Ṣùgbọ́n mo sọ fún yín lọ́jọ́ náà pé òrùlé..."

"Ẹ jókòó, Alhaja! Òótọ́ ni ó sọ, ẹ gbọ́ o!"

Ìdí àwọn èèyàn kò gbé àga mọ́. Àwọn kan ń pe Ọlọ́run. Ìyá kan láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ káwọ́ lérí, ó ní òun ti ń rò ó pé oòrùn ọdún yìí kì í ṣe ojú lásán. Dókítà Hasanat na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Báwo ni òrùlé àgọ́ Alhaja ṣe ga tó sí ti ibí?"

Fáṣínà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ọmọ kékeré! À ń sọ ti oòrùn, ó ń sọ ti òrùlé. Ṣé káfíńtà ni mí?" Àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Dókítà rọra jókòó. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó mú bírò rẹ̀.

Ooru mú nínú ilé náà. Òógùn ń ṣàn lára Fáṣínà, aró agbádá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣàn. Ọrùn rẹ̀ ti dúdú, etí rẹ̀ ti ń dúdú, kò mọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ìbò. Ó ti ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń pè é ní Olùdarí Àgbà ní báńkì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò. Ó ku kó gbé pákó sókè kí gbogbo ojú rí i, kí wọ́n sì dìbò.

Ó rìn dé etí pèpéle, ó di pákó náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ, ó nà án síta. "Ẹ wo oòrùn nígbà èwe rẹ̀!"

Ilé pa lọ́lọ́.

Nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ihò òrùlé bọ̀ kò dé ilẹ̀ mọ́. Orí pákó ló balẹ̀ sí. Ó sì kéré. Ó wọ inú òbìrí èédú ọdún 2006 lọ́hùn-ún, ó kún un ṣíbáṣíbá, kò ṣẹ́kù, kò dà síta.

Fáṣínà kò rí i. Ó rò pé ọ̀wọ̀ òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. "Ẹ̀rù ń bà yín? Ó yẹ kó bà yín!"

Alhaja Mùsílímátù ti dìde. "Pròfẹ́sọ̀, ẹ dúró bẹ́ẹ̀! Ẹ má mira! Ẹ gbójú sókè, ẹ wo pákó yín!"

Ó gbójú sókè. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀," ni Alhaja wí, ní ohùn tí ìyá fi ń bá ọmọ tó gbé àwo sọ̀rọ̀. Ó rọ̀ ọ́ sílẹ̀ dé àyà. Róbótó náà tóbi, ó kọjá ìlà èédú. "Ẹ tẹ̀ba, ẹ gbé e kọ́ etí pèpéle." Ó tẹ̀ba. Róbótó náà tún wú sí i. "Ẹ gbé e sókè padà." Ó gbé e sókè. Róbótó náà rù, ó padà sínú òbìrí rẹ̀.

"Nígbà tí òrùlé àgọ́ mi kéré, oòrùn mi kéré," ni ìyá náà wí fún gbogbo ilé. "Nígbà tí a gbé òrùlé sókè, ó tóbi díẹ̀. Òrùlé ibí ga ju ti àgọ́ mi lọ ní ìlọ́po, ni oòrùn ibí fi tóbi. Bí ihò bá ti jìnnà sí ilẹ̀ ni róbótó rẹ̀ ń fẹ̀. Ọmọ mi tó kéré jù mọ̀ ọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin yìí, ó ní kí n má da sáyẹ́ǹsì rú."

"Òun gan-an ni sáyẹ́ǹsì, Alhaja," ni Dókítà Hasanat wí. Ó ti dìde, ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n. "Oòrùn kò fi ìwọ̀n irun orí kan wú. Wíàháòsì ló ga."

Kí ni ẹ rò pé àwọn ẹlẹ́ja yóò ṣe? Hanifah ará Ìjèdè ló bẹ̀rẹ̀. "Pròfẹ́sọ̀, ẹ gbé e sókè!" Fáṣínà kò mọ èyí tí yóò ṣe, ó gbé e sókè. "Ó di ọmọdé!" ni gbogbo ilé hó. "Ẹ gbé e sílẹ̀!" Ó gbé e sílẹ̀. "Ó di arúgbó!" Sókè, ọmọdé! Sílẹ̀, arúgbó! Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àwọn obìnrin ń fi ìró nu omijé ẹ̀rín. Láàárín ìṣẹ́jú kan, Pròfẹ́sọ̀ ti bí oòrùn, ó ti tọ́ ọ, ó ti sọ ọ́ di arúgbó, ó tún ti sọ ọ́ di ọmọ ọwọ́. Aró ti bo ojú rẹ̀ tán, eyín nìkan ló funfun.

"Ẹ gbọ́ mi," ló ń wí, "ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé... sáyẹ́ǹsì kan wà tí..."

Bàbá Bísíríyù fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ẹ dákẹ́. À ń dìbò. Ẹni tó bá gbà pé kí a má sá edé sí oòrùn mọ́, kó dìde."

Kò sí ẹni tó dìde. Àwọn tó ti dúró tẹ́lẹ̀ pàápàá yára jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹni tó bá gbà pé kí a lọ sá edé wa?"

Wọ́n dìde bí ìjì. Ìyá ará Ìbẹ̀ṣẹ̀ tó káwọ́ lérí ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní oòrùn ọ̀sán yìí dára, òun kò fẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé òun tẹ́ nǹkan sí i.

Pípọ́nkè rọrùn, sísọ̀kalẹ̀ ló le. Àwọn mẹ́ta tó ti Fáṣínà gun àkàbà lówùúrọ̀ ti lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kiri. Ó rọra ń fi ìdí wọ́ bọ̀ lórí àkàbà, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, agbádá bò ó lójú. Alhaja ló dúró nísàlẹ̀, ó di àkàbà mú fún un kó má ṣubú. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn.

"Ẹ ṣeun, Alhaja," ló wí, kò lè wò ó lójú.

"Kò tọ́pẹ́. Pákó mi ńkọ́?"

Ó nà án sí i. Alhaja kò gbà á. Ó wo ọ̀dà pupa tó kọ sí i, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì. "Ẹ̀yin lẹ gbé e kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin lẹ ó gbé e dé ìdí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́."

"Alhaja, ẹ fojú àánú wò mí. Gbogbo Ìkòròdú ló mọ̀ mí."

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ gbé e."

Dókítà Hasanat ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá gbà mí láàyè, mo fẹ́ wá sí Ẹ̀pẹ́ ní Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kí ẹ sọ bí róbótó yẹn ṣe ń rí láti ìgbà tí òṣùpá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó títí tó fi ṣí. Màá kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ yín ni yóò wà lórí rẹ̀."

"Ẹ wá jẹun sílé wa nígbà náà," ni Alhaja wí. "Ọ̀bọ̀kún wà."

Ojú Fáṣínà tàn nígbà tó gbọ́ ọ̀bọ̀kún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde sí títì. Fáṣínà Àjíwojú-oòrùn ló ṣáájú, ó ru pákó lórí, òógùn dúdú ń kán sí i lójú. Alhaja tẹ̀ lé e pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Dókítà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹ́ja tó lé ní ogójì ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n ń wò. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì jáde síwájú ìsọ̀ rẹ̀.

"Pròfẹ́sọ̀! Kí lẹ rù yẹn?"

Fáṣínà ń lọ ní tirẹ̀.

"Wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀," ni Alhaja wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Pákó Alhaja Mùsílímátù ni," ló wí, wúyẹ́wúyẹ́. "Òun ló ṣe ìwádìí rẹ̀. Èmi kọ́."

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," ni Alhaja wí. "Wọn ò gbọ́ yín ní òdìkejì títì."